Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kì í Pè

                                        Agboolé Òrìṣàdìpẹ̀,
                                        Ìrókò, Akinyẹlé,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Mùjíbátù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá Yasir ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé òjò ti ba ọ̀nà Lalupon jẹ́, pé ọ̀kadà nìkan ló ń rí ibẹ̀ gbà báyìí. Ẹ kú ìfaradà. Àwa náà wà níbí, à ń jẹ àgbàdo, à ń dúpẹ́. Jìnmí ọmọ wa wá kí wa láti Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọwọ́ òfo ló gbé wá, iṣu ló gbé lọ.

O bi mí nínú àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ pé ìwé tí mo kọ ńkọ́, ṣé eku ti jẹ ẹ́ ni. Eku kò jẹ ẹ́. Orúkọ ló dá a dúró. O mọ̀ pé ìtàn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni mo kọ, àwọn tí à ń pè ní Eyínfúnjowó, tí wọ́n tọ́ Bàbá Jìnmí dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, tí wọ́n sì dá ibi tí a ti ń yan gàrí lẹ́yìn agboolé wa sílẹ̀. Ìwé náà ti parí láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n atẹ̀wé tí mo gbé e fún ní Ìbàdàn ní òun kò lè tẹ èèpo ẹ̀yìn ìwé tí kò lórúkọ.

Mo ti rò pé orúkọ ni yóò rọrùn jù. Ẹni tó kọ odidi ìwé, kí ló kù tí yóò ṣòro nínú ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì? Atẹ̀wé dá a lábàá pé kí n pè é ní "Akíkanjú Obìnrin". Mo ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ dà bí ẹ̀wù àránsílẹ̀, kò sí ìwé tí kò lè wọ̀ ọ́. Bàbá Jìnmí ní tiwọn fẹ́ "Ìtàn Ìgbésí Ayé Ìyá Wa Láti Ìgbà Èwe Wọn Títí Di Ìgbà Arúgbó àti Àwọn Iṣẹ́ Ribiribi Tí Wọ́n Gbé Ṣe". Mo ní kí wọ́n mí díẹ̀, pé bí a bá kọ gbogbo ìyẹn sẹ́yìn ìwé, kò ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò tún ṣí i wò fún. Ó dùn wọ́n. Wọn kò jẹ iyán mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n jẹ ẹ́ láàárọ̀.

Èmi fúnra mi mọ orúkọ tí mo fẹ́. Orúkọ ẹni tó ni ìtàn ni mo fẹ́, òun nìkan, gàdàgbà. Mo sọ fún atẹ̀wé, ó sì fi àpẹẹrẹ èèpo ẹ̀yìn náà rán awakọ̀ sí mi. Ifákẹ́mi, pẹ̀lú àwọ̀ pupa. Ó wù mí débi pé mo gbé e sórí tábìlì pálọ̀ kí àlejò lè máa rí i.

Ìyá Dàda, ìyáálé wa, ló kọ́kọ́ rí i. Ìwọ náà kúkú mọ̀ ọ́n: ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá kí o tó wọlé, ọkọ rẹ ni, o gbọ́dọ̀ wá orúkọ mìíràn máa pè é. Láti ìgbà tí mo ti dé agboolé yìí, Eyínfúnjowó ni mo ń pè wọ́n, nítorí bí eyín wọn ṣe funfun nígbà náà. Mo rò pé kíkọ yàtọ̀ sí pípè. Ìyá Dàda kò rí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n kà á tán, wọn kò jẹ́ kó jáde lẹ́nu.

"Ìyá Jìnmí," wọ́n ní, "ṣé ìwọ lo bí wọn ni?"

Wọ́n ní ìwé yóò dé ọwọ́ ọmọdé, ọmọdé yóò máa pe ìyá wa bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀, èmi ìyàwó ni n ó sì ti fi kọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé já ní koro. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, mo sì pe atẹ̀wé pé kó fi "Eyínfúnjowó" síbẹ̀. Inú mi bà jẹ́, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ó wá ku kí n sọ fún ẹni tó ni orúkọ. Ní ọjọ́ kejì mo bá wọn lábẹ́ igi ọsàn, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ èyí tó ti bàjẹ́. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, mo rò pé yóò pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Wọ́n nawọ́, wọ́n ní kí n gbé èèpo ẹ̀yìn náà wá, kí n fi ìka wọn lé ibi tí orúkọ wọn wà. Wọ́n ń fi ìka pa á lára láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Bàbá mi ló ń pè mí bẹ́ẹ̀," wọ́n ní. "Ìyá mi náà. Ẹ̀gbọ́n mi Lànà ló pè mí gbẹ̀yìn, a sì ti sin ín. Àwọn ọmọ ń pè mí ní Ìyá. Ẹ̀yin ìyàwó ní Eyínfúnjowó. Eyín ọ̀hún dà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn kò rẹ́rìn-ín.

"Fi orúkọ mi síbẹ̀, kí ẹnìkan tún lè pè mí. Ó yá, kà á fún mi."

Mùjíbátù, o mọ̀ pé kíkọ́ ọmọ ní ìwé kíkà ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ṣòro fún mi láti kà. Ẹnu mi kò pè é rí. Mo kúnlẹ̀ sáàárín èèpo ẹ̀gúsí, mo ní, "Ifákẹ́mi."

Wọ́n ní, "Òo." Ohùn náà kéré, bí ohùn ọmọ tí ìyá rẹ̀ pè láti ilé ìdáná. Ó ṣe díẹ̀, wọ́n ní, "Mò ń bọ̀." Wọ́n sì padà sídìí ẹ̀gúsí wọn. Èmi ni mo sunkún.

Eyínfúnjowó fúnra wọn ló ránṣẹ́ pe Ìyá Dàda, wọ́n ní àwọn ló yọ̀ǹda. Ìyá Dàda gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìyẹn kò kan ẹnu àwọn, pé "ìwé Eyínfúnjowó" ni àwọn yóò máa pè é. Bàbá Jìnmí ṣì ní orúkọ tiwọn ló dára jù. Mo ti ní kí atẹ̀wé dá orúkọ wọn padà síbẹ̀, ó ti ń bá iṣẹ́ lọ, n ó sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ. Ìwọ kì í ṣe ìyàwó agboolé wa, kò sí èèwọ̀ kankan fún ọ. Bí o bá gbà á, jọ̀ọ́, pe orúkọ náà sókè kí o tó ṣí i.

Ohun kan tún kù. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ, Ìyá Jìnmí lo pè mí. N kò tíì kà á sí rí. Àmọ́ àwọn òbí mi ti lọ, Tíṣà ni wọ́n ń pè mí níta, Ìyá Jìnmí nínú ilé. Mo ro ẹni tó ṣì lè pe orúkọ mi, ìwọ nìkan ni mo rántí. Ìwọ má bá wọn pa á tì.

Bá mi kí Bàbá Yasir, kí Kifayah, kí ìyá àgbà yín pẹ̀lú. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká fojú kanra láìpẹ́.

Èmi náà ni, tìrẹ láti ìgbà tí a ti jọ ń gbé síléètì,

Olúwabùnmi.