Ọmọ Tí Wọ́n Bí Sórí Yìnyín

Ìlú Ọ̀sì, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú.

Títí, ọmọ mi obìnrin, pè mí láti ìlú òyìnbó. Ìwé òfin ló ń kọ, nípa ilẹ̀ yìnyín ìsàlẹ̀ ayé tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan. Ó ní, "Bàbá, ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀, ọmọ ibo ni?"

Mo ní, "Ibo ni wọ́n sin ibi ọmọ náà sí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Yìnyín ni gbogbo ibẹ̀! Orílẹ̀-èdè òbí lòfin ń wò."

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Oyún oṣù mẹ́jọ wà nínú òun náà. Abẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé ni mo sin ibi tirẹ̀ sí nígbà tí wọ́n bí i. Ti ọmọ rẹ̀ ńkọ́?

Mo tún pè é. "Tí o bá bímọ, gba ibi ọmọ náà lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì o."

"Wọ́n á fún mi, Bàbá. Ibo ni kí n wá sin ín sí? Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo háyà."

Mo ti roko abẹ́ igi ọsàn náà. Ta ni yóò gbé ibi ọmọ náà kọjá òkun wá?