Ìrìn Ọmọ Ni, Kì í Ṣe Géètì

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Mo fìdí rẹmi. Ìdánwò àwọn tó ń tọ́jú ọmọ ọwọ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé iṣẹ́ kọ́ ni mi ò mọ̀. Láti ìgbà tí a ti Huancayo ní Peru dé Paterson ní Amẹ́ríkà níbí ni mo ti ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Gẹ̀ẹ́sì ló gbé mi ṣánlẹ̀. Obìnrin tó ń bi mí léèrè ní kí n sọ̀rọ̀ nípa “gait” ọmọ ọdún kan. Èmi gbọ́ géètì. Mo bá bẹ̀rẹ̀. Pé kò gbọdọ̀ dípẹtà. Pé ọmọ kò gbọdọ̀ lè ki ìka bọ àárín irin rẹ̀. Obìnrin náà ń wò mí. Mo rò pé inú rẹ̀ ń dùn ni — mo tún fi kún un pé kí wọ́n máa kùn ún lọ́dọọdún!

Ìrìn ni “gait”. Bí ọmọ ṣe ń rìn. Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ìyá Aago pè mí. (Mísìs Gorecki, ọ̀gá wa ní ilé ìtọ́jú ọmọ. Ojú rẹ̀ kì í kúrò lára aago ọwọ́ rẹ̀.) Ó ní bí kò bá sí ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí ní yàrá ọmọ ọwọ́ kí oṣù yìí tó parí, ìjọba á ti yàrá náà pa. Ó ní ìwọ ni mo fẹ́, Neli, àmọ́ agbára mi ò ká a mọ́. Wọ́n á tún ìdánwò ṣe lógúnjọ́.

Mo sọ fún ọkọ mi. Fortunato ní, “Ṣé géètì yẹn náà ni? Rántí mú kọ́kọ́rọ́ dání o!” Mo gbé oúnjẹ tútù fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Charmaine, ọmọ Jàmáíkà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ti di olùkọ́ mi. Bí àwọn ọmọ bá ti sùn, ó di ìwé. “Development” la fi bẹ̀rẹ̀, ìdàgbàsókè. Ní èdè Sípáníìṣì tiwa, ó dà bí ẹní tí a ká tí a wá ń tú. Ìyẹn yé mi.

Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jọra bí ìbejì ló ń yọ mí lẹ́nu. “Crawl” ni kí ọmọ máa rá. Fi s kan síwájú rẹ̀, “scrawl”, ó di ìkọkúkọ. “Adapt” ni kí ibi tuntun mọ́ ọmọ lára. “Adopt” ni kí o gba ọmọ ọlọ́mọ ṣe tìrẹ. Lẹ́tà kan péré! Charmaine ní, “Tóo bá ṣì í pẹ́nrẹ́n, wàá sọ fún ìyá ọmọ pé ọmọ rẹ̀ ti gbà wá ṣọmọ.” A rẹ́rìn-ín títí ọmọ kan fi jí.

Ọjọ́ Àìkú, 9

“Mature”, kí ọmọ dàgbà. “Nature”, àbínibí. Orí mi dàrú. Mo da ìwé dé, mo sunkún.

Ọjọ́rú, 12

Mo ti rí ọgbọ́n ẹ̀! Bí ọmọ bá ti ṣe é, mo sọ ọ́ síta. Imani, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yàrá wa, di ìka mi mú: grasp. Ó já gíláàsì ojú mi gbà: grab. A bọ́ sí àgbàlá, ó ki koríko bọnu: grass! Charmaine ní orí mi ti yí. Kó yí.

Ọjọ́bọ̀, 20

Obìnrin ọjọ́sí náà ni! Ó tún béèrè ìrìn ọmọ. Mo sọ ọ́ — bí ẹsẹ̀ ṣe ń yà, bí apá ṣe ń ga, bí apá náà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ bí ara ọmọ bá ti balẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí màá ṣe fún ọmọ tó bá “regress”. “Aggression”, ìjà, ni mo mọ̀. Ọjọ́sí, mo rò pé ọ̀rọ̀ náà yé mi, mi ò béèrè. Lónìí mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ bá mi sọ ọ́ lọ́nà mìíràn.”

Ó ní, “Ọmọ tó ti ń rìn, tí wọ́n wá bí àbúrò rẹ̀, tó tún padà sí rírá.”

Ṣé ìyẹn náà ni! Mo ní ẹ má bá a wí, ẹ máa gbé e bí ọmọ ọwọ́ fúngbà díẹ̀. Bí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, á dìde fúnra rẹ̀. Ó fi bíìrò sílẹ̀. Ó ní, “Ó ti tó.” Ó ti tó báwo? Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

MO YEGE!

Charmaine gbé mi nílẹ̀, èmi tí mo rí rọ̀bọ̀tọ̀ báyìí! Àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́ láìmọ ìdí. Fortunato ń pariwo sétí fóònù, ó ń pe gbogbo Huancayo: “Ìyàwó mi ni! Lédè Gẹ̀ẹ́sì!” Lẹ́yìn náà ló lọ jókòó ní kọ̀rọ̀, ó ń nu ojú.

Ọjọ́ Ajé, 24

Bàbá kan gbé ọmọbìnrin rẹ̀ wá, ọjọ́ àkọ́kọ́ wọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó béèrè ta ni olórí yàrá yìí. Charmaine ti ń la ẹnu láti bá mi dáhùn, bó ti máa ń ṣe. Mo ṣáájú rẹ̀.

“Èmi ni. Ẹ gbé e wá.”