Eégbọn Abẹ́ Àgbọ̀n Yín

Bàbá Ọmọ,

Mo yọ eégbọn kan lábẹ́ àgbọ̀n yín láàárọ̀ yìí nígbà tí ẹ ń hanrun. Iṣẹ́ ọdẹ tí ẹ ṣe mọ́jú ti tán yín lókun, ẹ kò tilẹ̀ mira.

Koríko ewúrẹ́ tí ẹ gbé lé èjìká bọ̀ ló kó o wá. Ẹ má gbé e mọ́ ọrùn mọ́. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ sì yẹ ara yín wò kí ẹ tó sùn.

Àbúrò yín ti mú ìṣáná dání. Ó ní, "Ìyàwó wa, jẹ́ kí n fi iná kàn án, á já bọ́." Mo ní, "Ọkọ mi, ṣé ẹ fẹ́ jó bàbá ọmọ mi mọ́ eégbọn ni?" Ẹ̀mú tí mo fi ń tu irun ojú ni mo fi di ẹnu eégbọn náà mú lára awọ, mo fà á díẹ̀díẹ̀, n kò fún ikùn rẹ̀. Odidi ló jáde. Mo fi ọṣẹ fọ ibẹ̀.

Ara yín kò gbóná, ọkàn mi balẹ̀. Bí ibà bá dé, tàbí tí ibẹ̀ ń pọ́n tó ń fẹ̀, ọsibítù ni, ẹ má bá mi jiyàn. Eégbọn náà wà nínú ìgò lójú fèrèsé. Ẹ mú un dání lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Kí n tó yọ eégbọn náà, irun kò jẹ́ kí n rí ẹnu rẹ̀. Ẹ jókòó kí ẹ tó wo dígí. Irùngbọ̀n tí ẹ ń kẹ́ bí ọmọ, mo ti gé apá òsì kúrò.