Mo Gun Ẹṣin, Ṣùgbọ́n Ìdọ̀bálẹ̀ Ṣì Ń Le Fún Mi

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kí ẹ sì sọ fún wọn pé àwọn gan-an ni ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí kàn. Mo ní kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn wọn, nítorí ìta gbangba ni wọ́n ti bú mi.

Wọ́n ní mo ti di òyìnbó. Wọ́n ní nígbà tí mo wálé ní Kérésì, òòró gangan ni mo dúró kí àwọn àgbà Òmù-Àrán ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé ọwọ́ ni mo nà sí Bàbá Àgbà bí ẹni ń kí ẹgbẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni. Mo ní ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Lẹ́yìn náà ni àbúrò mi tó wà nílé ọkọ ní Rore fi fọ́tò mi lórí ẹṣin hàn wọ́n, Bàbá Àgbà sì bèèrè pé ẹ̀yìn tó gun ẹṣin, kí ló ní kó má dọ̀bálẹ̀? Nígbà tí ẹ̀yin náà bi mí lórí fóònù, mo gbọ́ ọ lóhùn yín pé ojú tì yín. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹ̀bi mi ni, torí n kò sọ gbogbo rẹ̀ fún yín. Ẹ mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń sin ẹṣin ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó níbí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọ̀kan dá mi sórí ilẹ̀ tí òtútù ti mú le bí òkúta. Mo sọ fún yín pé ẹ̀yìn kàn ń ro mí díẹ̀. Irọ́ ni. Wọ́n la ẹ̀yìn mi, wọ́n fi irin àti súkúrù so eegun mẹ́ta pọ̀ kí wọ́n lè hù di ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì ló ń bá mi wọ ìbọ̀sẹ̀. Mo ń dá sunkún nínú yàrá bí ọmọdé, n kò sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohùn mi, ni mo bá ń sọ pé nẹ́tíwọ̀kì ò dára.

Dókítà ní kí n má gun ẹṣin fún ọdún kan gbáko. Mo pa á mọ́. Ọjọ́ tí mo padà gùn ún, àgbà ẹṣin kan tí kì í sáré ni wọ́n fún mi. Mo gun orí àpótí kí n tó lè gbé ẹsẹ̀ kọjá. A yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan péré, inú mi sì dùn dé ibi tí n kò lè ròyìn. Fọ́tò ọjọ́ náà nìyẹn. Ẹ tún un wò: mo nà ṣánṣán. Òòró ni ẹṣin fẹ́, òòró nìkan náà ni ẹ̀yìn mi mọ̀ báyìí. Bí ṣíbí bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ńṣe ni mo máa kúnlẹ̀ mú un.

Bàbá Àgbà, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé àyà ní í kan ilẹ̀, pé ẹni tó kàn fọwọ́ kan ilẹ̀, àgbà ló ń tàn jẹ. N kò gbàgbé. Ní Kérésì, ẹ̀rù ló bà mí pé bí mo bá lọlẹ̀, n kò ní lè dìde lójú gbogbo ìjọ. Ìtìjú ni, kì í ṣe ìgbéraga.

Obìnrin tó ń kọ́ mi ní eré ìdárayá nílé ìwòsàn bi mí pé kí ni mo tún fẹ́ lè ṣe. Mo ní ìdọ̀bálẹ̀. Ó ní kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, mo sì ṣàlàyé. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ń kọ́ ọ: orúnkún kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọwọ́, lẹ́yìn náà àyà. Bí mo bá fẹ́ dìde, mo máa fi ẹ̀gbẹ́ yí. Ó máa ń pẹ́.

Mò ń bọ̀ ní Àjíǹde. Bí mo bá kọ́kọ́ kúnlẹ̀ bí obìnrin, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kò burú, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sáré fà mí dìde.

Kí Olúwa dá yín sí fún wa, Ìyá mi, kí ojú wa rí ara wa láyọ̀. Mo kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Bàbá Àgbà, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: ẹ má gbá mi lẹ́yìn bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Àdúrà ni kí ẹ jẹ́ kó gùn, torí mo máa pẹ́ nílẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Dáre