Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Aránṣọ Òkè

Adúmáadán ọ̀rẹ́ mi,

Ọkọ̀ mi ti fẹ́ gbéra, n ò lè dúró kí o ti ibi iṣẹ́ dé. Mo gbádùn òpin ọ̀sẹ̀ yìí gan-an, bí ooru ìlú ńlá yín tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yan mí jẹ.

Má bínú o. Bí o ṣe jáde láàárọ̀, mo ṣílẹ̀kùn kí atẹ́gùn lè wọlé, ni mo bá rí aránṣọ tó ń gbé lókè yín lórí àtẹ̀gùn, tó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀. Fáànù rẹ̀ ti bàjẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ ò kí ara yín mọ́ látìgbà tí omi ti jò láti yàrá rẹ̀ sórí àga rẹ tuntun, àmọ́ òógùn bò ó bí ẹni tí òjò pa. Mo ní kó wọlé.

Ó ní, "Ṣé ọ̀rẹ́ yín ò ní bínú?"

Mo ní, "Á bínú. Ẹ ṣáà wọlé."

A jẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù tó wà nínú fíríìjì tán. Má wulẹ̀ wá a. Nígbà tó rí àga yẹn, ojú tì í. Ó ní oorun ló gbé òun lọ lọ́jọ́ náà tí òun fi gbàgbé ẹ̀rọ omi, àti pé ẹ̀ẹ̀mejì lòun ti wá bẹ̀ ọ́, tí òun ò lè kanlẹ̀kùn. Ó ti wọn àga náà, ó fẹ́ rán ìbòrí tuntun fún un. Ó tún ní bí o bá ń kọrin nílé ìwẹ̀, òun máa ń gbè é lókè!

Òun ni mo fún ní kọ́kọ́rọ́ rẹ. Gòkè lọ gbà á.