Búrẹ́dì Náà Ṣì Gbóná

Al Muteena, Deira,
Dubai.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá, 1997.

Ẹ̀gbọ́n mi Asiat,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ará ilé. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ti lọ sílẹ̀? Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín. Sùlàímọ́nù tó ń bá wa di ẹrù ló máa mú un wá, ọ̀túnla, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ló ń wọkọ̀ bọ̀ ní Èkó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó kà á.

Ẹ mọ̀ mí, èmi kì í yí ọ̀rọ̀ po. Ohun tó bàjẹ́ nìyí. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti lọ, Rodiat ọmọ yín ò jẹ́ iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́, ìbáà ṣe iyọ̀ ni ká ní kó lọ rà nísàlẹ̀ ilé. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì tó ti ń jìjàkadì kó má wọ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Bàtà kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kódà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní Ọjọ́rú tó kọjá, a wá a fún wákàtí márùn-ún, a ò rí i. Ó ti dé o, kò sí ohun tó ṣe é, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn tó mọ̀ pé nǹkan ò lọ dáadáa: Màmá Wùmí tó ń tọ́jú àwọn ọmọ mọ̀, ó kàn rò pé àgídí ni. Àwọn ọmọ tó kù mọ̀. Ẹ̀yin náà mọ díẹ̀. Èmi ló yẹ kí n mọ̀ jù, torí àwọn ọmọ kọ ọ́ lé mi lọ́wọ́ láti ìparí oṣù Kẹsàn-án, mo sì gbé e sínú fáìlì.

Ẹ rántí ilé tí ẹgbẹ́ àwa oníṣòwò háyà ní Sharjah, kí àwọn ọmọ lè máa gbébẹ̀ bí òbí wọn bá kó ẹrù lọ sí Èkó. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ lọ, mo dìde nípàdé, mo ní ká bi àwọn ọmọ fúnra wọn bí ibẹ̀ ṣe rí lára wọn. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Sàká ní, “Madam Bísínẹ́ẹ̀sì, kí lọmọdé mọ̀ ju bisikíìtì lọ?” Mo dá a lóhùn pé oníṣòwò tí kò bá bi oníbàárà léèrè, ọjà á kú sí i lọ́rùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Orí mi wú.

Mo tẹ fọ́ọ̀mù bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé-ẹ̀kọ́ okòwò. Ìbéèrè mẹ́wàá, àpótí kéékèèké níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: oúnjẹ, bẹ́ẹ̀dì, yàrá, bọ́ọ̀sì. Kí ọmọ máàkì èyí tó bá jẹ́ òótọ́, khalas, ó parí. Àwọn méjèèjìlá ló dá a padà. Mo ka máàkì, mo ṣírò rẹ̀, mo tẹ ìròyìn olójú ewé mẹ́rin. A ra tẹlifíṣàn tuntun fún wọn. Mi ò yí ẹ̀yìn ìwé kankan wò.

Ní Ọjọ́rú yẹn, mo lọ sí Sharjah láàárọ̀ kí n lè fojú ara mi rí àgídí ọ̀hún. Mo ní kí Rodiat sáré lọ ra àlùbọ́sà wá. Kò mira. Ó wò mí lójú, ó ní, “Àǹtí, ta ló fẹ́ lọ?” Mo rò pé àfojúdi ni. Mo jágbe mọ́ ọn, mo tì í wọ bọ́ọ̀sì, mo sì ṣèlérí fún un pé yóò bá mi nílé tó bá dé. Ẹ̀gbọ́n, mi ò dúró. Wọ́n pè mí pé kọ́ńténà wa ti dé, mo wọ táásì, mo padà sí Deira.

Aago méjì ló dé. Kò bá mi. Ó yí padà, ó sì jáde. Ìgbà tí wọ́n pè mí ni mo tó sáré bọ̀. A dé ilé-ìwé, a dé ọjà Rolla, a dé àgbàlá tí a ti ń di ẹrù ní Deira, torí mo rò pé ibi iṣẹ́ yín ló gbà lọ. Nígbà tí a padà sílé ní Sharjah, gbogbo wa ń pariwo mọ́ra wa lórí àtẹ̀gùn. Wùmí, ọmọ Màmá Wùmí tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, fà mí láṣọ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni mo ní, “Dákẹ́, àgbà ń sọ̀rọ̀.” Aago méje lu kí ó tó rí àyè. Ó ní, “Ẹ ò kúkú bi wá. Bákẹ́rì ló wà.”

Bákẹ́rì tó wà nísàlẹ̀ ilé wa gan-an ni. Ó jókòó lórí àpò ìyẹ̀fun, ó di ife tíì mú, baba Afghan tó ń ṣe búrẹ́dì níbẹ̀ ló fún un. Mo bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀ láti ọ̀sán. Ó ní òun ń dúró kí gbogbo ẹni tó fẹ́ lọ lọ tán ni, kóun tó gòkè.

Ẹ ti mọ ibi tí mo ń lọ. Ẹ rántí ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ lóṣù Kẹjọ. Bí wọ́n ṣe ṣe fún wa ní kékeré náà nìyẹn: à á rán ọmọ níṣẹ́, kó tó dé a ti lọ, kó má baà sunkún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin lẹ rò ó. Èmi ni mo ní ká rán an lọ ra búrẹ́dì ní bákẹ́rì yẹn náà. Èmi ni mo gbé báàgì yín gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé, tí mo ń sọ pé, “Yalla, ẹ yá, ẹ̀gbọ́n, kó tó dé.” Ẹ̀ ń bojú wẹ̀yìn, mo ń tì yín.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà, mo ṣí fáìlì, mo yí ẹ̀yìn àwọn ìwé yẹn wò. Wùmí ti sọ fún wọn pé iwájú fọ́ọ̀mù ò gba ọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn. Mẹ́sàn-án nínú méjìlá ló kọ ohun kan náà: ẹ yéé tàn wá tẹ́ ẹ bá ń lọ. Ti Rodiat ò gùn. “Mọ́mì ní kí n lọ ra búrẹ́dì wá. Mo sáré. Nígbà tí mo dé, búrẹ́dì náà ṣì gbóná. Wọn ò sí ńbẹ̀.” Níwájú ìwé kan náà, ó máàkì pé oúnjẹ dáa, mo sì kà á mọ́ àwọn tínú wọn dùn. Ojú tì mí, ẹ̀gbọ́n. Mo ti lo ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n láyé, ojú ò tì mí báyẹn rí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo lọ bá wọn láìmú fọ́ọ̀mù. Mo jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo bẹ̀ wọ́n. Wùmí ló bẹ̀rẹ̀: “Àǹtí, ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ní irọ́ ò dáa, ẹ̀yin náà lẹ̀ ń fi búrẹ́dì parọ́.” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ni wọ́n bá ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ara wọn. Wọ́n fẹ́ mọ ọjọ́ tí òbí ń lọ, kí wọ́n máàkì ẹ̀ sórí kàlẹ́ńdà. Wọ́n fẹ́ bá wọn gbé báàgì dé ìdí táásì. Mo ní ẹkún ńkọ́? Ọmọ kékeré kan ní, “A máa sunkún, tá a bá ṣe tán a máa jẹ ìrẹsì.” Rodiat nìkan ni kò sún mọ́ wa. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló jókòó sí, tòun ti bàtà.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín nìyí. Ẹ pe ilé Sharjah, ó pẹ́ tán, ní Jímọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tiwa níbí. Rodiat ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi. Ẹ sọ fún un pé a tàn án, ẹ sì dárúkọ mi sí i. Ẹ sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dé gan-an. Tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ má sọ pé láìpẹ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbọ́ tirẹ̀. Tó bá dákẹ́, ẹ má gbé fóònù sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọjà ò dúró, mo mọ̀ pé fóònù wọ́n. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ. Tí ọjọ́ yẹn bá kọjá, màá mú ọmọ yín wọkọ̀ òfurufú wá bá yín, màá sì ti sọ ọjọ́ tá a máa gbéra fún un tẹ́lẹ̀.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ìlera, kó jẹ́ kí ẹrù yín jáde láìsí wàhálà. Kó má jẹ́ kí àwọn ọmọ wa ṣe wá bí a ṣe ṣe wọ́n.

Èmi ni àbúrò yín, ẹni tó tì yín lẹ́yìn lórí àtẹ̀gùn,
Kàfáyàt.

Àfikún: Mo ka lẹ́tà yìí fún Rodiat látòkèdélẹ̀ kí n tó lẹ̀ ẹ́ pa. Mo bi í bóyá ó ní ohun tó fẹ́ fi kún un. Ó ní rárá. Ó wá bi mí pé ta ló máa mú un lọ. Mo ní Sùlàímọ́nù ni, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ó ní òun máa sìn ín dé ìdí táásì. Ó ní òun ò tíì fojú òun rí bí èèyàn ṣe ń lọ rí.