Ẹni Tí A Fà Yọ Nínú Omi

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibí yìí, bí òtútù tilẹ̀ ti mú orúnkún mi gan. Ẹ kú ariwo òkun, ẹ kú ìfaradà. Mo kí Ayọ̀délé àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀, mo kí gbogbo ilé wa ní Aráròmí, àtàgbà àtèwe.

Ẹ bá mi yọ̀. Bọ́lá ọmọ mi ti bí ọkùnrin. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi wẹ̀ ẹ́, mo nà án lápá, mo nà án lẹ́sẹ̀, nọ́ọ̀sì òyìnbó la ẹnu sílẹ̀ ó ń wò mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Dáre, gba ipò kìíní ní kíláàsì. Orí tèmi ló gbé. Mo sì gbọ́ pé Fúnmi ọmọ Ayọ̀délé ti wọ ilé ọkọ ní Òde Mahin. Mo rí fọ́tò yín nínú ọkọ̀ ìyàwó, ẹ wé gèlè mi aláwọ̀ ewé. Ó yẹ yín jù mí lọ.

Èmi náà wà láàyè. Tí mo bá ti mú Dáre dé ilé ìwé láàárọ̀, mo máa ń lọ bá Bọ́lá dúró ní ilé ìtajà rẹ̀, níbi tó ti ń ta gàrí, ẹ̀wà, epo àti ẹja yíyan. Yìnyín ń bọ́ ní Jámánì níbí bí ẹni ń gbọn òwú dànù. Àwọn tí a jọ ń gun àtẹ̀gùn kì í kíni; wọn á wo bàtà mi, wọn á kọjá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí páálí ẹja, òórùn èéfín yẹn á gbé mi dé ilé ìdáná yín, níbi tí ẹ ti ń yí ṣawá padà lórí iná, tí ẹ sì ń bú ológbò bí ẹni ń bú orogún. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ sọ fún mi lórí fóònù pé kí n fi ẹjọ́ yẹn sílẹ̀, kí n máa bọ̀ wálé. Èsì mi nìyí. Mo sì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn ọmọ ìlú wa, kí àwọn tí a jọ gbé abúlé apẹja nígbà náà lè gbọ́.

Ẹ rántí ìgbà tí èmi àti bàbá Bọ́lá bá àwọn ará wa tọ etíkun lọ pẹja ní ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ di púpurú tí a jẹ dé ibẹ̀. Ibẹ̀ dùn, ìyá mi. Ilé pákó lórí omi bíi tiwa, àwọn ọmọdé ń fò sínú omi láti ẹnu ọ̀nà. Ní ìrọ̀lẹ́, bí àwọn ọkùnrin bá ń tún àwọ̀n ṣe, wọ́n á máa fi bàbá Bọ́lá ṣe yẹ̀yẹ́ pé orin rẹ̀ dà bí ẹ́ńjìnnì tí omi wọ̀. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ọkùnrin tí kò mọ orin kọ, inú mi á dùn, ojú mi á sì kún fún omi.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n fa ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ nínú òkun, ọkọ̀ rẹ̀ ti dojú dé. Bàbá wa kọ́ wa pé a kì í béèrè ìlú ẹni tó ń mu omi òkun. Ẹ fà á sókè ná, orí ilẹ̀ la ti ń béèrè. Bàbá Bọ́lá bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ fún un. Ó gbé ilé wa títí ara rẹ̀ fi le, ó gbọ́ Ìlàjẹ díẹ̀, ó mọ ọ̀nà omi tóóró tó gba inú igbó ẹ̀gbà etí òkun dé ẹ̀yìn ilé wa. Ṣùgbọ́n ojú tì wá láti bi í léèrè ohunkóhun, kó má baà dà bí ẹni pé oúnjẹ wa ń dùn wá. Ó dágbére, ó lọ.

Nígbà tí ogun dé, ọ̀nà tóóró yẹn ni àwọn jagunjagun gbà wọlé, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ló ṣáájú pẹ̀lú ìbọn. Wọ́n finá sí ilé, wọ́n kó àwọn ọkùnrin lọ. Bàbá Bọ́lá ń pè é lórúkọ, kò wẹ̀yìn. A ò rí ìkankan nínú wọn mọ́. Ẹ̀yin lẹ gbà mí sílé, tèmi ti Bọ́lá lẹ́yìn mi.

Lọ́dún tó kọjá, mo ń bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú ilé ìtajà. Ọkùnrin kan gbọ́ èdè wa, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bi mí ní Ìlàjẹ bóyá òkun dára lónìí. Bí a ṣe máa ń kíra ní abúlé yẹn gan-an nìyẹn. Ó ti sanra, irun rẹ̀ ti funfun. Kò dá mi mọ̀. Mo wọn ẹja fún un, mo gbowó, ìgbà tó jáde tán ni mo pe Bọ́lá, mo ní ẹni tí a fà yọ nínú omi nìyẹn. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Bọ́lá mú mi lọ bá lọ́yà. A bá a níbẹ̀ pé àwọn ọmọ ìlú ọkùnrin náà kan ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn ṣáájú mi. Wọ́n ti mú un báyìí. Ó yà mí lẹ́nu, mo sì bi lọ́yà náà pé ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ará Jámánì lẹ fún un ní ilé àti ìwé ìgbélùú gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń sá ogun ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìwé yẹn kò sọ pé kó má jẹ́jọ́ ohun tó ṣe kó tó dé; pé irú ìpànìyàn bẹ́ẹ̀, ibi yòówù kí wọ́n ti ṣe é, òfin àwọn lè gbọ́ ọ. Mo mi orí. Ọ̀rọ̀ bàbá wa ni. Wọ́n ti fà á sókè, wọ́n ti fún un láṣọ, ó ti dé orí ilẹ̀. Ohun tí àwa kò bi í, wọ́n fẹ́ bi í.

Nígbà tí wọ́n kọ ẹ̀rí mi sílẹ̀ tán, wọ́n gbé tàdáwà wá kí n fi tẹ̀ka. Mo ní kí wọ́n gbé e padà. Èmi tí mo ti ṣe ẹ̀kọ́ àgbà! Mo kọ orúkọ mi gbọọrọ, Bọ́lá ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, nítorí adájọ́ kò tíì dá ẹjọ́. Bó bá ní òun kọ́, kó sọ ọ́. Bó bá ní wọ́n fipá mú òun ni, kó sọ ọ́. Àwọn tó kórìíra àlejò lè sọ pé gbogbo wa la rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ra gàrí lọ́wọ́ wa, iná tí irú rẹ̀ dá làwọn náà sá fún. Nítorí tiwọn gan-an ni mo fi ń lọ jẹ́rìí.

Ẹ ní ṣé ẹjọ́ á jí ọkọ mi ni. Kò ní jí i. Ẹ ní kí n fìjà fỌ́lọ́run jà, kí n fọwọ́ lérán. Ìyá mi, mo ti fọwọ́ lérán láti ìgbà tí Bọ́lá wà lẹ́yìn mi. Ẹ ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ wo ló kù láàárín wa?

Èyí tó dùn mí ni pé òkun ti dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, tí ẹ sì ti búra pé ẹ ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí èmi bá wá di ọwọ́ yín mú jáde. Ó wù mí kí n jókòó sórí pákó yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n ki ẹsẹ̀ bọ omi, kí ẹ máa pariwo lé mi lórí pé kí n wá jẹun. Ṣùgbọ́n kóòtù lè pè mí nígbàkigbà, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ kí n má dáhùn. Mi ò lè wá báyìí, ìyá mi. Ẹ dárí jì mí. Ọmọ yín ni Ayọ̀délé náà. Ẹ jẹ́ kó di ọwọ́ yín mú.

Omi kò ní gbé yín lọ, ojú yín á rí ọmọkùnrin tuntun yìí, ẹ ó fi ọwọ́ yín gbé e jó. Ẹ bá mi kí Fúnmi àti ọkọ rẹ̀, ẹ kí àwọn ará ilé ìjọsìn, ẹ kí olùkọ́ tó kọ́ mi ní a, b, d.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ fi wá wò yín ni mo fi ránṣẹ́ sí Ayọ̀délé, kó fi gba káfíńtà àti ọkọ̀ ńlá, kí wọ́n tú ilé yín ní pákó-pákó, kí wọ́n sì tún un kọ́ fún yín sí Òde Mahin. Mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà ni.

Èmi ni ọmọ yín,
Ọmọ́wùnmí